Clonmel, Ìlú Ọjà Létí Odò Suir

Bí ènìyàn bá dúró lórí afárá Clonmel, ní àgbègbè Tipperary ní ilẹ̀ Áílándì, tí ó kọjú sí gúúsù, òkè Comeragh ni yóò rí ní òdìkejì. Bí ó bá sì yíjú padà, ìlú tí káràkátà sọ di ńlá ni ó wà níwájú rẹ̀. Suir, omi tí í bọ́ ọlọ́jà tí í bọ́ aláàárù, ni ó gbé ọkà àti bọ́tà wọn lọ sí etíkun Waterford láyé àtijọ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì ń padà bọ̀, ẹṣin ni wọ́n so mọ́ ọn, tí í wọ́ ọ gòkè lójú ọ̀nà tóóró etí odò, èyí tí àwọn afẹsẹ̀rìn ń gbádùn lónìí láti ìlú Carrick wá.

Ní 1650 ni Oliver Cromwell, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ kò tíì dùn létí ará Áílándì títí di òní, kó ogun ti ìlú náà. Àgbá rẹ̀ wó odi lápá kan, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì rọ́ wọlé bí ẹni pé ìjà ti tán, láìmọ̀ pé lẹ́yìn ihò náà gan-an ni Hugh Dubh O'Neill, ọ̀gágun tí ń ṣọ́ ìlú, ti mọ odi méjì mìíràn tí wọ́n fún pọ̀ níwájú, tí ó sì gbé àgbá tirẹ̀ dè wọ́n ní ìpẹ̀kun. Ẹni tí ó wọlé kò rí ọ̀nà lọ, ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò sì yé tì í. Òpìtàn púpọ̀ gbà pé kò sí ibi tí Cromwell ti pàdánù ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ní Áílándì. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù ìbọn ti tán nínú ìlú, akíkanjú tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í sì í bógun lọ: O'Neill kó àwọn ènìyàn rẹ̀ yọ́ jáde lóru. Lẹ́yìn èyí ni olórí ìlú, John White, tọ Cromwell lọ láti bẹ̀bẹ̀ àdéhùn, kò sì mẹ́nu kan ìsá náà títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé. Inú bí Cromwell, síbẹ̀ ó mú àdéhùn náà ṣẹ.

Lónìí, àlejò kò gbọdọ̀ kọjá láìyà wo Main Guard, ilé ẹjọ́ àtijọ́ tí Butler, ìjòyè Ormond, kọ́ ní 1675. Ti West Gate ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tàn yín: ó rí bí arúgbó, ṣùgbọ́n 1831 ni wọ́n mọ ọ́n sí ojú ẹnubodè àtijọ́. Ìlú yìí náà ni wọ́n bí Laurence Sterne òǹkọ̀wé sí ní 1713, ibẹ̀ sì ni William Magner ti bẹ̀rẹ̀ ọtí ápù rẹ̀ ní 1935.

Ẹni tí ó wù mí jù nínú wọn ni Charles Bianconi. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran; ọmọ Ítálì yìí, tí ó ti ru àpótí àwòrán kiri Áílándì lẹ́sẹ̀, rí ohun tí onílé kò rí. Ó mọ bí ọ̀nà ṣe ń jìn fún ẹni tí kò lówó ẹṣin. Nígbà tí ogun Napoleon parí, tí ẹṣin sì di ọ̀pọ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan jáde ní ọjọ́ 6 oṣù Keje 1815, láti Clonmel sí Cahir, nǹkan bí máìlì 10, ó sì ń gba owó tí ó mọ níwọ̀n lọ́wọ́ èrò. Kẹ̀kẹ́ kan di púpọ̀, ìlú sì fi í jẹ olórí ní 1844. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wá dé, kò bá a jà: ó ra ìpín nínú rẹ̀, ó sì kó kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lọ sí ojú ọ̀nà tí irin kò tíì dé.