Òfin Ìjọba àti Ẹ̀rọ Àsomọ́ Tẹlifóònù

Nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, "ẹ̀rọ àsomọ́" ni ohun èlò tí oníbàárà so mọ́ okùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni "ojú ìsopọ̀". Àwọn kan gbà pé gbogbo òfin ìjọba lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń pa ọgbọ́n àtinúdá. Ìtàn tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ohun tí òfin náà ń béèrè ni ó ṣe pàtàkì.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé-iṣẹ́ AT&T, tí ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú okùn tẹlifóònù ilẹ̀ náà, kà á léèwọ̀ láti so ohunkóhun tí kò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá mọ́ tẹlifóònù, ìjọba sì gbà á láyè. Hush-A-Phone, ife lásán tí a ń fi sí ẹnu tẹlifóònù kí ẹlòmíràn má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni, kò bọ́ nínú èèwọ̀ náà títí ilé-ẹjọ́ fi dá a láre ní 1956.

Láti 1959 ni Thomas Carter, ará Texas, ti ń ta Carterfone. A óò gbé ọwọ́ tẹlifóònù lé e lórí, òun yóò sì gba ohùn rẹ̀ sínú rédíò ẹni tí ó wà níbi tí okùn kò dé. Wáyà kankan kò so ó mọ́ tẹlifóònù. Ní 1968, ìgbìmọ̀ FCC, tí ń ṣe àkóso ìbánisọ̀rọ̀ fún ìjọba àpapọ̀, dájọ́ pé èèwọ̀ AT&T kò bófin mu, níwọ̀n bí ẹ̀rọ náà kò ti ba okùn jẹ́.

Ìdájọ́ yìí nìkan kò tó. AT&T tún pàṣẹ pé ẹ̀rọ àjèjì gbọ́dọ̀ gba inú àpótí ààbò kọjá, ọ̀dọ̀ òun náà ni a ó sì ti háyà àpótí ọ̀hún. Láti 1975 ni ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìlànà ojú ìsopọ̀ kalẹ̀ láti dáàbò bo okùn. Ẹ̀rọ tí ó bá yege ìdánwò rẹ̀, a lè so ó mọ́ okùn tààrà, ẹni yòówù tí ì báà ṣe é.

Ọ̀nà yìí ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ẹ̀rọ fáàsì àti módẹ́ẹ̀mù gbà wọ ilé. Ọ̀pọ̀ módẹ́ẹ̀mù àtijọ́ ní láti fi ife rọ́bà gbọ́ ohùn tẹlifóònù, gẹ́gẹ́ bí Carterfone. Smartmodem tí Hayes gbé jáde ní 1981 kò nílò rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ó yẹ kí a ya òfin méjì sọ́tọ̀. "Òfin ìdènà" ń béèrè pé, "Ta ni ó ṣe é?" "Òfin ìlànà" ń béèrè pé, "Kí ni ó ń ṣe sí okùn?" Ti àkọ́kọ́ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì oníṣẹ́ ọnà, ti èkejì ń dáàbò bo okùn, ó sì fi oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìlànà pàápàá lè di òfin ìdènà, bí ó bá kọjá ojú ìsopọ̀ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pàṣẹ ohun tí yóò wà nínú ẹ̀rọ.