Annie Jiagge, Obìnrin Kìn-ín-ní Tí Ó Jókòó ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ilẹ̀ Gánà

Bí ènìyàn bá wí fún obìnrin oníṣòwò kan ní ìlú Accra pé Mákólà ni òun ń lọ, ọjà ni yóò rò, ọjà ńlá tí a kọ́ ní 1924, tí aṣọ àti oúnjẹ ń ti ibẹ̀ lọ sí gbogbo ìgboro. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò wá sí ọkàn rẹ̀, nítorí pé ìtòsí ọjà náà ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ilẹ̀ Gánà wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1958, tí Ààrẹ Kwame Nkrumah sì ṣí ilé rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962. Ìlú Accra kì í ṣe ibi àjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ni ó ti tajà níbẹ̀ kí àṣẹ ìjọba Busia tó lé wọn ní oṣù kọkànlá ọdún 1969.

Adájọ́ tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kò kẹ́kọ̀ọ́ ní Mákólà, nítorí pé nígbà èwe rẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ di lọ́yà ní láti wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó. Síbẹ̀ ìtàn rẹ̀ kan ọjà náà àti òfin pẹ̀lú.

Ìlú Lomé ni a gbé bí i ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1918, sí ìdílé Baëta. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni baba rẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ tí ń kà wá fi etí sílẹ̀: olùkọ́ ni òun náà. Ó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní Achimota ní 1937, ó sì jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Keta láti 1940 títí di 1946. Òkun a máa jẹ ilẹ̀ Keta, ó sì gbé ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ. Kò jókòó kí ó máa sunkún. Ó kó àwọn ènìyàn jọ, wọ́n ṣe eré ìtàn Dáfídì olùṣọ́-àgùntàn káàkiri, wọ́n sì fi owó rẹ̀ kọ́ ilé mìíràn.

Ní 1946 ó lọ sí Lọ́ńdọ́nù láti kọ́ òfin. Àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ti Gold Coast wá rọ̀ ọ́ pé kí ó wá iṣẹ́ mìíràn, nítorí pé òfin le jù fún obìnrin. Ó gboyè ní 1949, wọ́n sì gbà á sí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ní Lincoln's Inn ní 1950. (A kò gbọdọ̀ gbàgbé Stella Thomas tiwa, tí ó ti di adájọ́ májísíréètì ní 1943 ní Nàìjíríà; ṣùgbọ́n ó di 1969 kí a tó fi Modupẹ Omo-Eboh ṣe adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga.)

Ní 1953 ni ó fẹ́ Fred Jiagge, ní ọdún náà gan-an ni ó di májísíréètì. Ní 1961 ó gun orí àga Ilé-Ẹjọ́ Gíga. Adájọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ó ń fi ojú ara rẹ̀ wo ẹlẹ́rìí, òun ni ó ń pinnu ẹni tí ń purọ́. Àkókò rẹ̀ kò sì rọrùn. Láti 1958 ni òfin ti wà tí ìjọba fi lè ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e dé iwájú adájọ́ kankan. Ní oṣù kejìlá ọdún 1963, Nkrumah yọ Adájọ́ Àgbà Arku Korsah lóyè nítorí pé ilé-ẹjọ́ rẹ̀ dá àwọn mẹ́ta kan sílẹ̀ tí a fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn.

Lẹ́yìn tí àwọn ológun lé Nkrumah ní 1966, wọ́n fi Annie Jiagge ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí ohun-ìní àwọn òṣèlú ìjọba tí ó ṣubú. Ìjọba náà ni ó fi í ṣe adájọ́. Òun ni a sì wá ní kí ó yẹ àpò wọn wò. A kò rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní àkókò kan náà, òun ni aṣojú ilẹ̀ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè tí ń rí sí ipò àwọn obìnrin. Ó ní ọwọ́ nínú ìkéde tí ó lòdì sí rírẹ́ obìnrin jẹ, èyí tí àpéjọ gbogbogbòò fọwọ́ sí ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1967. Ọdún kejì rẹ̀ ni ó di alága ìgbìmọ̀ náà. Ní 1969 ó lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá jù lọ ni ọdún 1979. Jiagge wà lára àwọn tí ó dá Women's World Banking sílẹ̀, òun àti Esther Ocloo tí òun náà jẹ́ ọmọ Gánà, kí àwọn obìnrin tí kò ní ilẹ̀ tàbí ilé láti fi dúró lè rí owó yá. Ní ọdún yìí kan náà, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ, àwọn ṣọ́jà Rawlings wó ọjà Mákólà palẹ̀. Wọ́n ní àwọn ìyá ọjà ń fi ọjà pamọ́, wọ́n ń bu owó lé e, ìwà tí àwọn ará Gánà ń pè ní kalabule. Bóyá àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ wo ni ó gbọ́ ẹjọ́ wọn? Ẹni tí kò jẹ̀bi àti ẹni tí ó jẹ̀bi, ìsọ̀ gbogbo wọn ni a wó papọ̀. A sọ ibẹ̀ di ibi ìgbọ́kọ̀sí, a sì fi orúkọ Rawlings pè é.

Ní 1980 ó di olórí Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1982, a jí adájọ́ mẹ́ta gbé nílé wọn pẹ̀lú ọ̀gágun kan tí ó ti fẹ̀yìntì, a sì pa wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, Cecilia Koranteng-Addow, ń tọ́ ọmọ ọwọ́. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Jiagge fẹ̀yìntì.

Ní 1991 a tún pè é sínú ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀ràn tí ó gbé àbá òfin ìpìlẹ̀ tuntun kalẹ̀. Abala 20 nínú òfin 1992 náà wí pé bí ìjọba bá fi ipá gba ohun-ìní ẹnikẹ́ni, ó gbọdọ̀ tètè san owó rẹ̀, ẹni náà sì ní ẹ̀tọ́ láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga. Annie Jiagge kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1996, ní ẹni ọdún 77.