Ẹ̀rọ Tó Ń Kọ́ Ọmọ Níwèé: Èdè Wo Ni Yóò Fi Kọ́ Ọ?

Lọ́dún 2023, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Pennsylvania ṣe àyẹ̀wò kan nílé ìwé girama kan ní Tọ́kì. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ló kópa, ìṣirò ni wọ́n sì ń kọ́. Àwọn kan kò ní ju ìwé wọn lọ. Àwọn kan ní GPT-4, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń dáhùn ìbéèrè, lọ́wọ́, wọ́n sì lè bi í ní ohunkóhun. GPT-4 ni àwọn yòókù náà ń lò, àmọ́ wọ́n ti kìlọ̀ fún tiwọn pé kò gbọdọ̀ sọ ìdáhùn, kó kàn máa tọ́ ọmọ sọ́nà díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ ṣì wà níwájú wọn, máàkì àwọn tó ń bi í ní ohunkóhun fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn oníwèé lọ. Ti àwọn tí ẹ̀rọ ń tọ́ sọ́nà fi ìdá 127 jù ú lọ. Wọ́n wá gba ẹ̀rọ náà kúrò, wọ́n ní kí gbogbo wọn ṣèdánwò. Àwọn tó ti ń rí ìdáhùn gbà fi ìdá 17 kéré sí àwọn tí kò lo ẹ̀rọ rárá. Àwọn tí ẹ̀rọ tọ́ sọ́nà kò pàdánù irú rẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo òbí tó ń ra fóònù fún ọmọ pé kó fi kàwé gbọ́ èyí, nítorí ọmọ tí wọ́n bá ń bá ronú kò ní mọ̀ ọ́n rò.

Kí ló dé tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ kò fi jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ? Lọ́dún 1984, Benjamin Bloom, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Chicago, kọ ọ́ pé ọmọ tó ní olùkọ́ tirẹ̀ nìkan, tí kì í fi ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ títí yóò fi yé e, lè mọ̀wé ju èèyàn 98 nínú ọgọ́rùn-ún ní kíláàsì lásán. Kò sí ìjọba tó lè gba olùkọ́ kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wojú ẹ̀rọ.

Ní 2024, Báńkì Àgbáyé gbìyànjú rẹ̀ ní ìlú Benin, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti parí, àwọn ọmọ SS1 ń fi ẹ̀rọ kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ wọn sì wà níbẹ̀ tó ń darí wọn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò wá lọ, èrè àwọn ọmọbìnrin sì pọ̀ jù.

Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ mọ̀ jù. Tó bá kan ìṣirò ọmọ ọdún méje tó jẹ́ Yorùbá ló ń sọ nílé ńkọ́? Èdè ilé ti ṣiṣẹ́ rí: láti 1970, onímọ̀ ẹ̀kọ́ Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yìí ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, kódà wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e. Ó dùn mí gan-an, torí àsìkò tí ẹ̀rọ nílò Yorùbá tó dáa láti fi kọ́ṣẹ́ gan-an nìyí. Ohun tí èèyàn bá kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń gbọ́ èdè, ti Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì tó nǹkan, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ní àmì ohùn. Ìwé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fi Yorùbá kọ fún àwọn ọmọ Ifẹ̀ wọ̀nyẹn ló yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá kọ́kọ́ wá rí, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí wọ́n sì fi lé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ lọ́wọ́.