Ìdérí Kànga Tí Pákó Rẹ̀ Kan Bọ́

Ilẹ̀ Kétu ga, omi sì jìn nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kànga ní Adakplamè kò gbọdọ̀ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ láìbò. Bí kànga kò bá ní ìdérí, ewé á bọ́ sínú omi, ewúrẹ́ lè jìn sí i. Ọmọdé pàápàá lè jìn sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdérí kànga kan. Ó rí róbótó bí ẹnu igbá. Pákó mẹ́rin ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi ṣe é, orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì pàdé ní àárín gan-an. Àwọn pákó náà kò fẹ̀ bákan náà. Ikán jẹ ọ̀kan, ó sì bọ́. Ó wá ku mẹ́ta.

Báwo ni gbẹ́nàgbẹ́nà yóò ṣe mọ bí pákó tuntun yóò ti fẹ̀ tó? Bí ó bá gé e tóbi jù, kò ní wọlé. Bí ó bá gé e kéré jù, ẹsẹ̀ ọmọdé á gba ibẹ̀ kọjá. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sórí ihò kànga kí ó máa wọn afẹ́fẹ́! Pákó mẹ́ta tí ó kù ni yóò wọ̀n.

Ibi tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pákó ti pàdé ní àárín ni à ń pè ní igun. Dígírì ni a fi ń wọn igun. Bí a bá yí róbótó po lẹ́ẹ̀kan, dígírì 360 ni. Àwọn àgbà ń pe iye yìí ní òjìdínnírinwó. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Bábílónì àtijọ́, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìrákì lónìí, ni ó ti wá, nítorí pé ọgọ́ta ọgọ́ta ni wọ́n ń kà. Iye tí ó rọrùn láti pín ni. Pín in sí 2, sí 3, sí 4, sí 5, sí 6, kò ní ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n èèyàn méje yóò jà lé e lórí.

Mú bébà, fi ẹnu ife ya róbótó sí i, kí o gé e. Ṣẹ́ ẹ po sí méjì: igun rẹ̀ jẹ́ dígírì 180. Tún un ṣẹ́ po: ó di 90. Bí o bá fi ẹnu abọ́ ńlá ya tìrẹ, 90 náà ni yóò jẹ́. Àwọn ọmọ kan máa ń rò pé pákó tí ó gùn ni igun rẹ̀ tóbi. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ padà sí ìdérí wa. Igun pákó kìíní jẹ́ 120, ti èkejì 120, ti ẹ̀kẹta 60.

120 + 120 + 60 = 300
360 − 300 = 60

Igun pákó tí ó bọ́ jẹ́ dígírì 60.

Ó ku etí pákó náà, tí ó tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọdẹ. Àwọn Faransé ń pè é ní arc. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń pe ọrun tí a fi ń ta ọfà. Gbẹ́nàgbẹ́nà fi okùn yí etí kànga po, ó sì rí sẹ̀ǹtímítà 240. Ìdérí náà ṣe déédéé pẹ̀lú etí kànga. Nínú 360, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni 60 wà. Nítorí náà, ó pín 240 sí ọ̀nà 6: sẹ̀ǹtímítà 40.

Kí ó tó mú ayùn, ó tún fi okùn wọn etí àwọn pákó tí ó kù. Ó rí 80, 80 àti 40. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 200. Bí a bá yọ 200 kúrò nínú 240, ó ku 40. Ọ̀nà méjèèjì bára mu. Ó lè gé pákó rẹ̀ wàyí.

Ìdérí kànga mìíràn nìyí. Igun pákó mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 90, 90 àti 100. Yíká etí rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 360. Pákó kẹrin ti sọnù. Kí ni igun rẹ̀? Sẹ̀ǹtímítà mélòó ni etí rẹ̀?