Kí ló dé tí rìsíìtì àti fọ́tò fi ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń kọ́ ilé tí kò ba àyíká jẹ́?

Lóde òní, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ńlá ní Abuja tàbí Accra lè gbọ́ orúkọ EDGE lẹ́nu àwọn tó ń ya àwòrán ilé.

Ìwé-ẹ̀rí ni EDGE. Àjọ IFC, tó jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé, ló dá a sílẹ̀ láti fi hàn pé ilé kan kò fi iná, omi àti ohun èlò ṣòfò.

Àmọ́ ilé lè dára tán, kí ìwé-ẹ̀rí sì bọ́ mọ́ onílé lọ́wọ́ nítorí pé kò tọ́jú ìwé.

Kí ni EDGE ń béèrè?

Wọ́n máa ń fi ilé náà wé irú èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ́ ní agbègbè náà. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín àwọn nǹkan mẹ́ta yìí kù:

- iná tí ilé ń lò
- omi tí ilé ń lò
- agbára tàbí kábọ́ọ̀nù tó rọ̀ mọ́ ṣíṣe àwọn ohun èlò tí wọ́n fi kọ́ ọ

Bí méjì bá yege tí ẹ̀kẹta kò yege, kò sí ìwé-ẹ̀rí.

Ohun èlò wo ló yẹ kí o yàn?

Ooru tó tó 1,450°C ni wọ́n fi ń sun òkúta kí ó tó di sìmẹ́ǹtì. Nítorí náà, bí sìmẹ́ǹtì bá ṣe dínkù tó lára ilé ló ṣe máa rọrùn tó láti yege.

Búlọ́ọ̀kù oníhò ń dín in kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni búlọ́ọ̀kù alámọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́, tí kò sì nílò sísun. Àjọ NBRRI, tó ń ṣèwádìí nípa ilé kíkọ́ ní Nàìjíríà, ti ń polongo irú rẹ̀.

Òrùlé funfun ń lé ooru oòrùn padà, ẹ̀rọ omi tí kì í tú omi púpọ̀ jáde sì ń dín omi kù.

Ìwé wo ni wọ́n máa yẹ̀ wò?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àyẹ̀wò máa ń wáyé: nígbà tí ilé ṣì wà nínú àwòrán, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ tán. Lára ohun tí wọ́n máa béèrè ni:

- àwòrán ilé, tó fi ògiri, fèrèsé àti òrùlé hàn
- ìwé láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà, tó sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́
- rìsíìtì tó dárúkọ ọjà àti iye rẹ̀
- fọ́tò tó ní ọjọ́ lára

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti lè kọsẹ̀. Rìsíìtì tí wọ́n kọ "búlọ́ọ̀kù" àti iye owó nìkan sí kò sọ irú búlọ́ọ̀kù tó jẹ́. Bí wọ́n bá sì ti rẹ́ ògiri kí wọ́n tó ya fọ́tò, ta ló máa rí ohun tó wà nínú rẹ̀?

Bákan náà, bí ọjà kan bá wọ́n tí kọ́ńtírátọ̀ sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ìṣirò ṣe kí wọ́n tó rà á. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò lè fa ilé náà wálẹ̀ kúrò ní ìdá 20.

Nítorí náà, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ló ti yẹ kí ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba rìsíìtì, kó ya fọ́tò, kó sì kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ síbì kan.