Òjò, Ọkọ̀ àti Ínṣọ́ránsì ní Monrovia
Monrovia kò mọ yìnyín. Òjò ni tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, táyà a máa yọ̀ ní Tubman Boulevard, ọkọ̀ a sì kọlu kẹ̀kẹ́ iwájú (kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún). Ínṣọ́ránsì third party tí òfin sọ di dandan á sanwó fún ẹlẹ́kẹ̀ẹ́. Bọ́ńpà ẹni tó kọlù ú kò kàn án. Ẹni tó wakọ̀ wá láti Èkó á fi Brown Card ECOWAS, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1982, rí irú ààbò kan náà.

Kí páńẹ́bítà tó gbé òòlù, ẹ ya fọ́tò, ẹ gba ìwé ọlọ́pàá, kí oní-ínṣọ́ránsì sì wá wo ọkọ̀. Tí wọ́n bá bá a ní títúnṣe, wọ́n lè má san kọ́bọ̀.