Kọ̀ǹpútà Tuntun Tí Kò Tàn: Ẹ Má Tíì Náwó Kún Owó

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yànnàná lóṣù yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹ̀yáwó láti fi ra kọ̀ǹpútà fún ìṣirò ọjà yín. Púpọ̀ nínú yín ló ń lọ sí Òtígbà ní Ìkẹjà, ibi tí gbogbo ayé ń pè ní Computer Village. Ẹ ó ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á sì bá yín tò ó pọ̀. Ó tàn lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà tó dé Ìdúmọ̀tà tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó, ó kọ̀, kò tàn mọ́. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á ní motherboard ti jó, kí ẹ mú owó mìíràn wá.

Ẹ má tíì dá a lóhùn. Ẹ̀yáwó kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kò tàn. Bí oṣù bá pé, ẹ ó san án. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ tuntun bẹ́ẹ̀ kò bàjẹ́ rárá. Nǹkan kan ló yẹ̀ lójú ọ̀nà, tàbí tí wọn kò kì wọlé dáadáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri kí ẹ tó wọ inú rẹ̀.

1. Iná. Ẹ fi fáànù tábìlì dán sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò. Bí ẹ bá ń lo stabilizer, ẹ ní sùúrù, nítorí òmíràn máa ń dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó tú iná sílẹ̀. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ẹ dúró de iná NEPA. (Láti 2005 ni NEPA ti yí orúkọ padà, ẹnu wa ni kò tíì yí.)

2. Ẹ̀yìn àpótí. Níbi tí wáyà iná ti wọlé, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ I àti O sí. I ni títàn, O ni pípa. Òmíràn tún ní bọ́tìnnì pupa tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. 230 volt ni iná tiwa ní Nàìjíríà. Bó bá wà lórí 115, ẹ má ki wáyà bọ iná rárá, power supply lè jó lójú ẹsẹ̀.

Kí ẹ tó ṣí àpótí, ẹ yọ wáyà lára ògiri, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin àpótí náà. Ẹ má ṣí power supply fúnra rẹ̀ láé. Iná ń ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà, ó sì lè pa èèyàn.

3. Bí fáànù kò bá yí rárá. Ẹ wo wáyà ńlá olójú 24 tó wọ motherboard, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa. Ẹ tún wo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wá láti ara bọ́tìnnì iwájú; kò ṣòro kó yọ. Ìwé tó bá motherboard wá fi àyè rẹ̀ hàn.

4. Bí fáànù bá ń yí, tí àwòrán kò jáde. Èyí ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Wáyà kejì wà, olójú 4 tàbí 8, tó ń gbé iná fún processor, ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, fáànù á yí, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò ní ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ RAM, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí yóò fi dún kẹ́. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ra graphics card lọ́tọ̀, ara rẹ̀ ni kí ẹ ki wáyà monitor bọ̀, kì í ṣe ara motherboard.

5. Bó bá tàn, tó sì kú lójú ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ pé fáànù orí processor kò jókòó dáadáa, tàbí pé súkúrù kan já bọ́ sábẹ́ motherboard. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó tò ó gbé motherboard jáde sórí páálí rẹ̀, kó tàn án níbẹ̀. Bó bá tàn, inú àpótí ni wàhálà wà.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, ẹ gbé e padà pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹ má san owó motherboard tuntun àfi bí wọ́n bá fi power supply mìíràn dán an wò lójú yín. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí rìsíìtì dárúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀. Ẹ má sì ju ìwé ìṣirò alákọsílẹ̀ nù títí kọ̀ǹpútà yóò fi ṣiṣẹ́ fún odindi oṣù kan.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó di oṣù tó ń bọ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́